Bí ìlú bá gba ilẹ̀ yín mọ́ra ní Texas, ta ni yóò máa wá pa iná?

Olùkàwé kan tí ó ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí mi báyìí: “Àdúgbò wa kò sí lábẹ́ ìjọba ìlú kankan. Káúntì ló ń ṣe àkóso wa, ESD, ìyẹn ẹkùn iṣẹ́ pàjáwìrì, ló sì ń rán ọkọ̀ panápaná sí wa. Ìlú kékeré kan tí ó múlé tì wá ti kọ lẹ́tà sí gbogbo onílé pé òun fẹ́ gba àdúgbò wa mọ́ra, kí ó di ara ìlú náà. Ilé tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 140. Mo fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa wá bí iná bá sọ, bóyá a ó máa san owó orí panápaná fún ẹni méjì, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ibùdó panápaná tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san gbèsè rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ọwọ́ yín ṣì lè tẹ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ kókó ọ̀rọ̀ náà, kí n tó máa tú u palẹ̀. Pé ìlú gba ilẹ̀ yín mọ́ra kò túmọ̀ sí pé ẹ ti kúrò lábẹ́ ESD. Ohun tí ó ń yọ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ESD ni lẹ́tà kan tí ìlú gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ESD. Bí ìlú bá kọ lẹ́tà náà, ìlú ni yóò máa dáàbò bò yín lọ́wọ́ iná láti ọjọ́ náà lọ, òun náà ni yóò sì san ìpín yín nínú gbèsè. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ ó wà lábẹ́ àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì ni yóò sì máa gba owó orí lọ́wọ́ yín. Èyí tí ó bá máa jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dìbò, nítorí pé lẹ́yìn ìbò, agbára yín kò ní tó bí ó ṣe tó báyìí mọ́.

Ẹni tí ó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn wá sí Amẹ́ríkà lè máa rò pé panápaná jẹ́ ti ìjọba ńlá kan ṣoṣo tí ó ń jáde sí gbogbo ènìyàn. Nílé, iléeṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ ni a mọ̀, bí wọ́n bá sì pín ìjọba ìbílẹ̀ sí mẹ́ta lọ́la, iléeṣẹ́ náà ni yóò ṣì máa wá. Ní Texas, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ń dá panápaná tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pọn dandan kí káúntì ní ti tirẹ̀, nítorí náà àwọn tí ń gbé ní ẹ̀yìn odi ìlú ni wọ́n ń para pọ̀ dá ẹkùn iṣẹ́ pàjáwìrì sílẹ̀ nípasẹ̀ ìbò, èyí ni gbogbo ènìyàn ń pè ní ESD. Òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, ní Abala 3, ìpín 48-e, ló fàyè gbà á, Orí 775 nínú Òfin Ìlera àti Ààbò Texas ló sì ṣàlàyé bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Ènìyàn márùn-ún ló wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ní Káúntì Harris, àwọn olùdìbò ló ń yàn wọ́n. Ní Fort Bend tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbìmọ̀ káúntì ló ń fi wọ́n sípò. Owó orí tí ESD lè bù lé ilé àti ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju sẹ́ǹtì 10 lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là iye ohun-ìní. Bí iye tí wọ́n fi owó orí lé ní ilé yín bá jẹ́ 300,000 dọ́là, ohun tí ESD lè gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún kò lè kọjá 300 dọ́là. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, nítorí pé owó orí ìlú lè ju ìlọ́po rẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo lẹ́tà náà fínnífínní, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìpín 775.022 nínú òfin yẹn sọ pé bí ìlú bá ti parí gbogbo ètò gbígba ilẹ̀ tí ó wà nínú ESD, tí ó sì fẹ́ yọ ilẹ̀ náà kúrò níbẹ̀ kí òun nìkan máa pèsè iṣẹ́ pàjáwìrì fún un, yálà pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tàbí lọ́nà mìíràn tí kì í ṣe ti ESD, ó gbọ́dọ̀ fi èyí tó ìgbìmọ̀ ESD létí lákọsílẹ̀. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ lọ bá, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú lẹ́tà ìfìwéránṣẹ́ tí ẹni tí ó gbà á yóò fọwọ́ sí, tí ìwé ẹ̀rí ìfọwọ́sí yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Títí akọ̀wé yóò fi gba lẹ́tà yìí, inú ESD ni ilẹ̀ náà ṣì wà. Ọjọ́ tí ó bá gbà á, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti fi hàn pé ilẹ̀ náà ti kúrò, kí ó sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀.

Ẹ ka gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Òfin kò sọ pé kí ESD máa bá yín ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta títí ìlú yóò fi múra tán. Ó ní kí ó dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ìlú tí ó bá kọ lẹ́tà náà lónìí gbọ́dọ̀ ti ní ọkọ̀, òṣìṣẹ́ àti ibùdó tí yóò tó yín lára lónìí kan náà, ibùdó tí ń dáhùn ìpè 911 sì gbọ́dọ̀ ti yí àwòrán ilẹ̀ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà kí ìpè yín má baà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe tiyín mọ́. Lóòótọ́, àwọn panápaná tí ilẹ̀ wọn pààlà sábà máa ń ní àdéhùn pé àwọn yóò ran ara wọn lọ́wọ́, ESD náà sì lè wá nígbà tí ìlú bá pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pè wá ṣèrànwọ́ kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ ń jáde, ìṣẹ́jú tí ó wà láàárín wọn sì lè jẹ́ iye tí iná nílò láti fò láti ilé ìdáná bọ́ sí òrùlé. Èmi a máa bẹ àwọn tí mo bá ń gbà nímọ̀ràn pé ọjọ́ tí lẹ́tà yóò lọ gan-an ni kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì gbà á sílẹ̀ lákọsílẹ̀.

Ní ti gbèsè ibùdó tuntun yín, òfin ti rò ó tẹ́lẹ̀. Ìlú tí ó bá yọ ilẹ̀ kúrò nínú ESD gbọ́dọ̀ san ìpín ilẹ̀ náà nínú gbèsè ESD fún un kíákíá, ESD kò sì gbọ́dọ̀ ná owó náà sórí ohun mìíràn ju gbèsè yẹn lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le. Wọ́n á mú gbogbo gbèsè ESD lásìkò tí ìlú gba ilẹ̀, wọ́n á wá wo iye ohun-ìní tí ó wà lórí ilẹ̀ tí ìlú gbà, kí wọ́n mọ ìdá tí ó jẹ́ nínú iye gbogbo ohun-ìní inú ESD, gẹ́gẹ́ bí ìwé owó orí káúntì tí wọ́n fọwọ́ sí kẹ́yìn ṣe fi hàn. Ẹ jẹ́ kí a fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ: bí ESD bá jẹ gbèsè mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là, tí ohun-ìní inú rẹ̀ lápapọ̀ tó bílíọ̀nù méjì, tí àdúgbò tí ìlú gbà sì tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni àdúgbò náà, 300,000 dọ́là ni ìlú yóò sì san. Owó tí ESD yá àti ọkọ̀ tí ó ń san díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀ wà nínú gbèsè yìí. Ẹ̀yáwó tí ESD bá lọ gbà lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ pé ìlú fẹ́ gba ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ohun tó sì dára ni, kí ẹnikẹ́ni má baà sáré lọ ra ọkọ̀ olówó ńlá sí ọrùn ìlú.

Àwọn tí ó ra ìwé gbèsè ESD náà kò ní pàdánù ẹ̀tọ́ wọn. Bí ESD bá sì béèrè fún un, ìlú gbọ́dọ̀ ra ilé tàbí irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò fún ilẹ̀ tí ó kúrò náà, ní iye tí ọjà ń tà á. Ìyẹn ni pé ibùdó tí ẹ̀ ń sọ lè di ti ìlú, bí ó bá jẹ́ pé àdúgbò yín ló ń sìn. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń sìn àdúgbò mẹ́rin mìíràn tí ìlú kò gbà, kò dájú pé ESD yóò fẹ́ tà á, ẹ sì lè bá ara yín nínú ipò pé ibùdó wà ní òpin òpópónà yín ṣùgbọ́n ọkọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ó ń kọ́kọ́ jáde sí yín mọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń dun àwọn ènìyàn gan-an. Ọgbọ́n tí ìlú àti ESD tí ó ní làákàyè máa ń dá sí i ni pé ìlú kò ní kọ lẹ́tà rárá, tàbí kí wọ́n jọ ṣe àdéhùn pé ESD ni yóò máa pa iná lọ.

Èyí ló gbé wa dé orí owó orí méjì. Bí ìlú kò bá kọ lẹ́tà, ESD ṣì ní ẹ̀tọ́ láti gba sẹ́ǹtì rẹ̀, ìlú náà yóò sì gba tirẹ̀, tí owó panápaná ìlú wà nínú rẹ̀. Òfin kò kà á sí àṣìṣe. Àwọn kan ń pè é ní ìrẹ́jẹ, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ojú tèmi, ẹni tí ó san 300 dọ́là lé e tí ọkọ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní kíá sàn ju ẹni tí ó san owó fún ìlú nìkan tí ibùdó ìlú sì jìnnà sí lọ. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ìlú dákẹ́ lórí rẹ̀ títí ìbò yóò fi kọjá. Owó orí ọjà tún wà nínú rẹ̀: ní Texas, owó orí ọjà tí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ jọ lè gbà ní ibì kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà bí ESD bá ti ń gba apá kan rẹ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò yín, ìlú kò lè gba tirẹ̀ ní ẹ̀kún. Nígbà púpọ̀, ibi yìí gan-an ni ìjà ìlú àti ESD ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí iná.

Ní báyìí, agbára tí ẹ ní. Títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìlú ńlá ní Texas lè gba ilẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Houston gba Kingwood mọ́ra ní 1996 bí àwọn ará ibẹ̀ tilẹ̀ ń pariwo pé àwọn kò fẹ́, ìbínú tí ó ti ibẹ̀ wá sì wà lára ohun tí ó mú kí àwọn aṣòfin tún òfin náà ṣe ní 1999. Ní 2017 wọ́n dín agbára àwọn ìlú kù ní àwọn káúntì ńlá, nígbà tí ó sì di 2019, òfin tí wọ́n ń pè ní HB 347 fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òpin sí gbígba ilẹ̀ tipátipá káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Bí ènìyàn tí ń gbé lórí ilẹ̀ bá dín ní 200, ìlú gbọ́dọ̀ rí ìfọwọ́sí èyí tí ó ju ìdajì àwọn olùdìbò ibẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tó 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbò ni. Ilé 140 yín yóò ti kọjá 200 ènìyàn, nítorí náà ìbò ni yóò dé ọ̀dọ̀ yín. Tí àwọn olùdìbò ibẹ̀ kò bá ní ju ìdajì ilẹ̀ náà lọ, ìlú yóò tún wá ìfọwọ́sí àwọn tí ó ni èyí tí ó ju ìdajì ilẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Yorùbá fiyè sí ibí yìí. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kò lè dìbò nínú ètò yìí, ìbáà ti ra ilé, kí ó sì ti máa san owó orí láti ogún ọdún. Green card kò tó. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni onílẹ̀: bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí àwọn tí ó ni ilẹ̀, orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ilé tó. Ó sì lè wá sí ìpàdé ìta gbangba tí òfin ní kí ìlú ṣe, kí ó dìde, kí ó sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ nítorí a rò pé ti àwọn ọmọ onílùú ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ.

Kí ó tó di ìbò, ìlú gbọ́dọ̀ ṣe ìpinnu kan lákọsílẹ̀ tí ó ní àwòrán ilẹ̀ náà nínú, tí ó to iṣẹ́ tí ìlú yóò máa ṣe fún yín ní ọjọ́ tí gbígbà náà bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sì fi àsìkò sí àwọn tí yóò ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Lẹ́tà tí ẹ gbà yẹn yẹ kí ó jáde láti inú ìpinnu yìí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ panápaná. Bí ó bá jẹ́ pé “ìlú yóò pèsè ààbò lọ́wọ́ iná” nìkan ni wọ́n kọ, kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ béèrè ibùdó tí ọkọ̀ yóò ti wá, iye òṣìṣẹ́ tí yóò wà níbẹ̀ lóru, bóyá òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù ni wọ́n tàbí àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn, ẹni tí yóò máa gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ESD púpọ̀ ló ń ṣe ìyẹn pẹ̀lú, àti bóyá ìlú fẹ́ kọ lẹ́tà 775.022 àbí kò fẹ́. Bí ẹ bá sì kọ̀ nínú ìbò, ìlú kò lè torí rẹ̀ pa omi tàbí iṣẹ́ mìíràn tí ó ti jẹ yín lábẹ́ òfin tẹ́lẹ̀ tì.

Ẹ má gbàgbé iléeṣẹ́ adójútòfò tí ó ń bo ilé yín. Iléeṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ISO máa ń fi panápaná àdúgbò kọ̀ọ̀kan sí ipò láti 1 dé 10. 1 ló dára jù, 10 sì túmọ̀ sí pé ààbò ibẹ̀ kò tó ohun tí a lè kà. Wọ́n ń wo panápaná fúnra rẹ̀, omi tí ó wà fún pípa iná, àti bí wọ́n ṣe ń gba ìpè. Ní gbogbogbòò, ilé tí ó bá ju máìlì márùn-ún lójú ọ̀nà lọ sí ibùdó tí ń sìn ín lè bọ́ sí ipò 10, àwọn ilé tí wọn kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 1,000 lọ sí ẹnu ẹ̀rọ omi panápaná sì ni a ń kà sí àwọn tí omi wà nítòsí wọn. Bí ibùdó ESD bá wà ní máìlì kan sí yín, tí ti ìlú sì wà ní máìlì mẹ́fà, owó adójútòfò yín lè gòkè bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú ní panápaná tí ó tóbi ju ti ESD lọ. Ẹ pe ẹni tí ó ta ìwé adójútòfò fún yín, kí ẹ béèrè ipò tí ilé yín wà lónìí àti èyí tí yóò bọ́ sí bí ibùdó bá yí padà.

Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ṣe é báyìí. Ní Illinois, ìlú tí ó ní panápaná tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àwọn alábòójútó ẹkùn panápaná létí ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Bí kò bá sí ẹ̀rí pé ó ṣe bẹ́ẹ̀, gbígba ilẹ̀ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Washington, wọ́n ń wo bí ohun tí ìlú gbà ti pọ̀ tó: bí ó bá tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún iye ohun-ìní ẹkùn náà, ohun-ìní ẹkùn á bọ́ sọ́wọ́ ìlú, ìlú á sì san ìpín tí ó kù fún ẹkùn, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹkùn á mú ohun-ìní rẹ̀, á sì san fún ìlú, bí ilẹ̀ tí ìlú gbà bá sì dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ẹkùn náà, lọ́pọ̀ ìgbà ẹkùn kò ní san nǹkan kan fún ìlú. Òfin ibẹ̀ tún fún panápaná tí gbígba ilẹ̀ bá fẹ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti bọ́ sí iṣẹ́ ìlú. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Àwọn tí ó mọ ojú ọ̀nà àdúgbò yín àti ibi tí omi wà kò gbọ́dọ̀ di ẹni tí a dà nù nítorí pé ààlà yí padà lórí ìwé.

Bí ìlú bá gbà yín tán tí kò sì ṣe ohun tí ó kọ, òfin Texas fàyè gba ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn olùdìbò àdúgbò láti kọ̀wé béèrè pé kí ó tú àwọn sílẹ̀. Bí ìlú kò bá tú wọn sílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́, ẹnikẹ́ni tí ó fọwọ́ sí ìwé náà lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ìpinnu ìlú: ohun tí kò sí nínú rẹ̀ yóò ṣòro láti fi mú un nílé ẹjọ́. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ìwé owó orí bá ń jáde láti oṣù kẹwàá lọ, ẹ wo orúkọ gbogbo ìjọba tí ó wà lórí rẹ̀. Bí ìlú bá ti kọ lẹ́tà, tí ESD sì ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, ẹ mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìfọwọ́sí akọ̀wé lọ sí ọ́fíìsì tí ń ṣírò iye ohun-ìní káúntì yín, kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní tí owó náà gbọ́dọ̀ ti wọlé.